Ẹnu tiwa ni ká fi sọ ọ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi. Àwa tá a ti ṣe ẹ̀tẹ̀ rí tá a sì lo oògùn títí tó fi lọ, àwa fúnra wa ló yẹ ká máa kọ ohun tójú wa rí sílẹ̀. Ká má fi í sílẹ̀ fún pásítọ̀, ká má fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá ya fọ́tò wa, ká má sì fi í sílẹ̀ fún òwe. Ẹlòmíì á ní àìsàn tó ti lọ, kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ máa kọ? Ó lọ lára mi lóòótọ́, wọ́n yẹ̀ mí wò wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́, àmọ́ kò lọ lẹ́nu àwọn èèyàn, ibẹ̀ ló ṣì wà títí dòní.

Ẹ wo òwe tiwa nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, àmọ́ ó lè da wàrà nù. Wọ́n tún ní adẹ́tẹ̀ sọ̀rọ̀ méjì ó fi ọ̀kan parọ́, ó ní òun gbá ọmọ òun lábàrá, òun tún já a léèékánná pàtì. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀. Mo ti ro òwe yìí títí, ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé èyí tí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kí adẹ́tẹ̀ lanu sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, irọ́ ni wọ́n ní ó pa. Ẹni tí wọ́n ti fi òwe sọ di òpùrọ́ kí wọ́n tó bí i, tó bá ní òun fẹ́ ròyìn ayé òun, ta ló máa gbà á gbọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká kọ ọ́, ká kọ ọ́ dáadáa, ká fi ọdún sí i, ká fi orúkọ oògùn sí i, kó má sí ibi tí ẹnikẹ́ni á ti sọ pé à ń parọ́.

Télọ̀ ni mí. Ìlú kan lápá Òkè-Ògùn ni mo ti ń ránṣọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 1996, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọṣẹ́, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, a ní ọmọbìnrin kan. Àmì kan ló yọ lápá mi òsì, àwọ̀ ẹ̀ mọ́ ju ara mi tó kù lọ díẹ̀. Gbogbo èèyàn ní làpálàpá ni. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ra ìpara ní kẹ́míìsì, wọ́n fún mi lágbo, ó kàn wà níbẹ̀ ni, kò yún mi, kò dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: àìdùn yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún. Làpálàpá máa ń yún èèyàn, àmọ́ ojú àmì ẹ̀tẹ̀ á kú, tí abẹ́rẹ́ bá gún un ẹ lè má mọ̀. Lọ́jọ́ kan mò ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ oníbàárà kan, òun ló pariwo pé kí n gbé ọwọ́ kúrò, òórùn ẹran tó ń jó ló gbọ́, èmi tí ọwọ́ mi ń jó, mo ṣì ń bá a tàkúrọ̀sọ lọ.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan láti ìjọba ìbílẹ̀ ló dá a mọ̀. Ó ní kí n di ojú mi, ó fa òwú díẹ̀ yọ, ó ń fi kàn mí níbí ó ń fi kàn mí lọ́hùn-ún, kí n máa fìka tọ́ka sí ibi tó bá ti kàn mí. Nígbà tí mo lajú, òwú yẹn wà lórí àmì náà, èmi ò tọ́ka síbì kankan. Ó wá fọwọ́ wá iṣan tó wà lẹ́yìn ìgúnpá mi, ó ti wú. Kò pariwo, kò sún sẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀tẹ̀ ni, ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni." Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà ní ìgúnpá mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láyé, torí lẹ́yìn tiẹ̀, ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn mí.

Kòkòrò ló ń fà á, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe pé ìyá ẹnì kan jẹ gbèsè ayé àtijọ́. Dókítà ará Norway kan, Gerhard Armauer Hansen, ló rí kòkòrò náà ní 1873. Ó lọ́ra gan-an, ó lè wà lára èèyàn fún ọdún márùn-ún, nígbà mìíì ogún ọdún, kí àmì tó yọ, ìdí sì nìyẹn téèyàn ò fi ní mọ ibi tó ti kó o. Àwọn tó pọ̀ jù láyé, ara wọn á lé e fúnra ẹ̀, kò ní lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Oògùn tèmi jẹ́ mẹ́ta nínú káàdì kan, rifampicin, dapsone àti clofazimine, láti 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO ti ní kí wọ́n máa lò wọ́n pọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ò pọ̀ lára á lò ó fún oṣù mẹ́fà, tèmi pọ̀, oṣù méjìlá ni. Téèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn, kò ní pẹ́ rárá tí kò fi ní lè kó ran ẹlòmíì mọ́. Gbogbo eléyìí ni òṣìṣẹ́ yẹn sọ fún mi lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú yàrá tó gbóná, mo gbọ́ ọ, ọkọ mi náà gbọ́ ọ.

Ìlú ò gbọ́ ọ ní tiwọn. Clofazimine máa ń sọ àwọ̀ èèyàn di dúdú tó pọ́n díẹ̀, rifampicin máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ pupa, ó máa ń lọ padà tí oògùn bá parí, àmọ́ nígbà tójú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, wọ́n ní ó ti ń burú sí i. Àwọn oníbàárà tí mi ò tíì gé aṣọ wọn rán ọmọ wá gbà á. Àwọn tí mo ti gé tiwọn ní kí n máa mú un lọ, àwọn ò fẹ́ mọ́, aṣọ ìgbéyàwó wà níbẹ̀ o, aṣọ ìsìnkú wà níbẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ò bá mi jà, ó kàn ní òun fẹ́ tún ilé ṣe. Ọkọ mi ò lé mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, àwọn ẹbí ẹ̀ ló wá ṣèpàdé pé kí wọ́n gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Láàárín oògùn yẹn náà ni iṣan mi gbóná, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ká wọlé, wọ́n ní kí n lo prednisolone, oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan tó gbóná rọlẹ̀, kí n sì wá wà nítòsí ibi tí wọ́n á ti máa rí mi. Bí mo ṣe dé àgọ́ nìyẹn, àgọ́ táwọn tó ṣe ẹ̀tẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ìlú ńlá kan. Kò sí òfin kankan tó ní kí n lọ. Ojú àwọn èèyàn ló lé mi lọ.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀, torí nínú gbogbo ìtàn tí mo ti gbọ́ táwọn ẹlòmíì ń sọ nípa wa, kò sí nínú ẹ̀. Wọ́n rò pé ibi téèyàn ti ń jókòó retí ikú ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ láàárọ̀, tó o bá pẹ́ dé, ó ti tán. Bàbá kan wà tí kò ní ìka mọ́, ó máa ń so ọ̀pá mọ́ ọrùn ọwọ́ fi lu gángan, ó sì máa ń jágbe mọ́ ẹni tó bá jó tí kò bá ìlù mu. Ìjà oko wà, ìjà obìnrin wà, àwọn tó fẹ́ra wọn níbẹ̀ pọ̀, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ yẹn ò ní nǹkan kan lára. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì jọ ń gbé, oúnjẹ Iléyá ń dé ilé gbogbo èèyàn. Nǹkan tá a máa ń ṣe pọ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni ẹsẹ̀ rírẹ. Nírọ̀lẹ́ a ó gbé bàsíà jáde, a ó rẹ ẹsẹ̀ sínú omi, tó bá rẹ̀ dáadáa a ó fi òkúta ha ibi tó ti le, a ó fi òróró pa á kí omi inú ẹ̀ má gbẹ, lẹ́yìn náà oníkálukú á gbé ẹsẹ̀ lé itan ẹnìkejì kó bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀, torí ìṣó lè wọlé síbẹ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ má mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ tí ẹ ń rí lára wa, kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ẹ́, ohun tó gún wa tá ò mọ̀ ni, tá a sì ń tẹ̀ ẹ́ rìn lọ. Ibi tá a ti ń rẹ ẹsẹ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ gbogbo ìtàn tí mo gbọ́. Àwọn tó dàgbà jù ń sọ ti ìgbà tí wọn ò kì í sin òkú wa sílé, inú igbó ni.

Nígbà tí oògùn mi parí tí wọ́n ní mo ti bọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní kí n wá jẹ́rìí. Mo fẹ́ jẹ́rìí, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí di ìsinsìnyí tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ kí n tó dìde, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n fo ti oògùn, pé ó máa dín ògo kù. Mo dé ibi máíìkì, mo sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, mo sì sọ pé oògùn mẹ́ta ni, oṣù méjìlá ni, ọ̀fẹ́ ni, sẹ́ńtà ìlera ni mo ti gbà á. Wọ́n gba máíìkì lọ́wọ́ mi wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tá a jáde, obìnrin kan fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ká ẹ̀wù ọmọ ẹ̀ sókè, àmì kan wà lẹ́yìn ọmọ náà tí kò yún un tí kò dùn ún. Sẹ́ńtà ìlera wo ni mo sọ, ó ní kí n tún un sọ. Tí mo bá ti fo ti oògùn lọ́jọ́ yẹn, ilé ni obìnrin yẹn á lọ láti lọ máa gbààwẹ̀. Ẹ̀rí tó bá fi oògùn pamọ́, ó lè sọ ọmọ ọlọ́mọ di arọ, mi ò lè sọ ọ́ kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àwọn tó ń ya fọ́tò náà wà. Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù January ni ayájọ́ ẹ̀tẹ̀ lágbàáyé, àwọn èèyàn máa ń gbé ìrẹsì àti ọṣẹ wá, wọ́n ṣeun, a máa ń jẹ ìrẹsì yẹn. Wọ́n á ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n á yà á, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀tẹ̀ bà jẹ́. Ọwọ́ yẹn kan náà ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn mi, kò sí ẹni tó bi mí rí.

Ọmọ mi ló ra fóònù fún mi, orí ẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tó ti kọ ìwé ayé wọn ṣáájú mi. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Stanley Stein, apoògùn ni ní Texas, wọ́n gbé e lọ sí Carville ní Louisiana, àgọ́ tí wọ́n ń há àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ mọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 1931. Sidney Levyson lorúkọ ẹ̀ gan-an, wọ́n máa ń yí orúkọ níbẹ̀ kí ojú má bàa ti àwọn ará ilé. Wáyà yí wọn ká, lẹ́tà tí wọ́n bá kọ, wọ́n á fi ooru pa kòkòrò tí wọ́n rò pé ó wà lára ẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ìbò dídì pàápàá, 1946 ni wọ́n tó rí i gbà padà. Ọkùnrin yìí dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú àgọ́ yẹn, ojú ẹ̀ fọ́ pátápátá, kò fi sílẹ̀, wọ́n ń kà á sí i létí ó ń sọ ọ́ wọ́n ń kọ ọ́, ní 1963 ó gbé ìwé ayé ara ẹ̀ jáde. Nígbà tí mo ka ti lẹ́tà tí wọ́n ń fi ooru pa yẹn, mo sunkún, torí aṣọ tí mo rán síta láti àgọ́ fún ọmọ mi, wọ́n sè é nínú omi gbígbóná títí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí.

Nílé níbí, Ikoli Harcourt Whyte wà, ọmọ Kalabari, orin ni òun fi kọ tiẹ̀. Láti Port Harcourt ni wọ́n ti kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Uzuakoli ní 1932, ó kọ orin ìjọ lédè Ìgbò débi pé títí dòní wọ́n ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ tó ń kọ ọ́ ò mọ̀ pé inú àgọ́ adẹ́tẹ̀ ló ti wá. Ola Rotimi fi ìjà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jà ní ọsibítù Port Harcourt nígbà tí wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò níbẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé. Uzuakoli yẹn kan náà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán dapsone oníkóró wò dáadáa níparí àwọn ọdún 1940, oògùn tí mo gbé mì. Ara àwọn tó ṣáájú mi ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé nípa oògùn yìí rántí wọn.

Ẹ sì má rò pé ìwé kíkọ ò lè ṣe ju kéèyàn fi tu ara ẹ̀ nínú lọ. Ní Brazil, ìjọba ń kó wọn sí àgọ́ tipátipá títí wọ àwọn ọdún 1980. Àwọn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Morhan sílẹ̀ ní 1981, wọ́n ń sọ ohun tójú wọn rí níbi gbogbo, kò rẹ̀ wọ́n. Ní 2007 òfin jáde pé kí ìjọba máa san owó oṣooṣù fún àwọn tí wọ́n há mọ́ yẹn títí wọ́n á fi kú, ní 2023 wọ́n fi àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí kún un. Ẹni tí kò bá sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí ni wọ́n fẹ́ san padà fún un?

Ní báyìí, mò ń kọ tèmi, mo sì ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà àgọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, lẹ́yìn náà mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé téèyàn bá fi àìsàn bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ìtàn kan náà ni gbogbo wọn á sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn onífọ́tò títí, ó ti di àkọ́sórí. Àmọ́ bi ìyá ẹlẹ́kọ pé báwo ló ṣe ń dá ẹ̀kọ ẹ̀ tí kì í fi í ṣàn, ilẹ̀ á ṣú, àìsàn náà á yọjú nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀, níbi tó ti wà gan-an nínú ayé wọn, kò ní tóbi jù, kò ní kéré jù. Ti orúkọ náà ṣòro. Àwọn kan ti fọmọ fún ìdílé tí kò mọ̀. Ìyá kan bá mi sọ̀rọ̀ títí, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá bẹ̀ mí. Mo yọ orúkọ, mo yọ ìlú, mo yọ iṣẹ́ ọmọ náà, mo wá kà á fún ìyá yẹn létí, ó ní òun ló ṣì wà níbẹ̀, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ìtàn ló ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀.

Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó ka tèmi. Ó kà á tán, kò sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó wá ní, "Màmí, ẹ ò mọ ti abọ́." Mo ní abọ́ wo? Ó ní nílé ìyá bàbá òun, abọ́ òun dá wà, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí ẹ̀, òun rò pé torí pé wọ́n fẹ́ràn òun ni. Wọ́n ní mo ti lọ sí Èkó lọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ládùúgbò ló fi ìjà là á lójú. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ya èmi sọ́tọ̀, mi ò mọ̀ pé wọ́n ya òun náà sọ́tọ̀ nínú ilé tí wọ́n ní wọ́n gbé e lọ kó má bàa ní àbùkù. Mo ti kà á pé ní Kalaupapa lọ́hùn-ún ní Hawaii, níbi tí wọ́n há àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ mọ́, ọmọ táwọn tó wà níbẹ̀ bá bí, wọ́n máa ń gbé e lọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni, òfin yẹn ò kúrò títí di 1969. Mo kà á bí ìtàn ìlú òkèèrè, àfi ìgbà tí ọmọ mi sọ ti abọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, kó jẹ́ pé òun ló máa sọ ọ́ lẹ́nu ara òun. Torí náà orí kan wà nínú ìwé mi tí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.

Bàbá onígángan ni mo wà lórí tiẹ̀ báyìí. Ó lóun ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pamọ́, kí n kọ ọ́ gbàǹgbà. Ó tún ní kí n má fi ọdún tí àìsàn dé bẹ̀rẹ̀ ìtàn òun, kí n fi ọdún tí òun kọ́lé bẹ̀rẹ̀, torí òun ló po amọ̀ ẹ̀, òun ló gbé páànù gorí ẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí. A ti gba ohùn sílẹ̀ kún fóònù kan, a ò tíì dé orí bó ṣe ra ilẹ̀ ilé náà àti ẹni tó kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ló ní ká ṣe tí mo bá tún wá.